Ọmọ Ibo Ni, Ibo Ni Wọ́n Sì Ti Bí I?

"Ìyá, níbo ni wọ́n ti bí ọmọ yìí?"

"Iléṣà ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni."

Ọmọ náà kò tíì dé Iléṣà rí. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló sì tíì lò láyé. Ìyá àgbà tó gbé e pọ̀n kò purọ́. Ìbéèrè tí etí rẹ̀ gbọ́ ló dáhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá bi ènìyàn níbi tó ti wá, orírun rẹ̀ là ń wá. Akọ̀wé tó jókòó ti fọ́ọ̀mù rọra tún un bi: "Ọsibítù wo ni wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀, mà?" Ọ̀rọ̀ tò lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa bí a ṣe lè fi Yorùbá ṣe ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, inú ìbéèrè kejì yẹn ló wà.

Ní Àbẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Òṣogbo, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, Yorùbá là ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì là ń bá lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní kánsù, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí akọ̀wé Àjọ Ìkànìyàn ti ń kọ ọmọ tuntun sínú ìwé. Òfin tó sọ kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ di dandan káàkiri Nàìjíríà jáde ní ọdún 1992, ó sì fún òbí ní ọjọ́ 60. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló wá di ògbufọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò fi bi ìyá ọmọ. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀: Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ló ṣe olóòtú apá kìíní àti apá kejì Èdè-Ìperí Yorùbá. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n náà tó ẹni tí a ń ṣe irú rẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ tó kéré jù. Ìbí ni kí obìnrin bímọ. Ibi ni àyè tí nǹkan wà. Ibi náà ni ohun tí a ń gbàdúrà kó má bá wa. Ibi ṣì tún ni èkejì ọmọ, tí agbẹ̀bí ń dúró dè lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Bí a bá tẹ OJO IBI sórí fọ́ọ̀mù láìfi àmì sí i, ẹni tó bá kà á bó ṣe wà níbẹ̀ ti ka ọjọ́ burúkú lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ "ibi ìbí", àní bí àmì tilẹ̀ pé lórí rẹ̀. "Ìlú tí wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀" gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ méjì, ìyá àgbà kankan kò sì ní torí rẹ̀ dárúkọ Iléṣà nígbà tó jẹ́ Òṣogbo.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà gan-an ló mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Òṣómàáló ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń bímọ sí ìdálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó torí rẹ̀ pe ọmọ wọn ní ọmọ ìdálẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní Iléṣà ní ọdún 1980, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ni lónìí. Ọ̀rọ̀ tó bá da orírun pọ̀ mọ́ ibi ìgbẹ̀bí kò lè gbé gbólóhùn yẹn dúró.

Ti ìwé ló ń fa wàhálà jù. Káàdì tí ọsibítù kọ fún ìyá lọ́jọ́ tó bímọ, "ìwé ọjọ́ ìbí" ni aráàlú ń pè é. Èyí tí Àjọ Ìkànìyàn fún un, ìwé ọjọ́ ìbí ni. Èyí tí bàbá lọ búra fún ní kóòtù nígbà tí ọmọ fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, òun náà ni. Ìyá tó ti gba ti ọsibítù á wá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, ọjọ́ 60 á sì kọjá lórí ọmọ. Mo dábàá kí a pe ti ọsibítù ní ìwé ìgbẹ̀bí: a ní agbẹ̀bí, a ní ìgbẹ̀bí, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Kí ti Àjọ máa jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí. Ti kóòtù ti ní orúkọ tirẹ̀, ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Kí la ó wá pe ẹni tó ń kọ ọ́? "Akọ̀wé" nìkan fẹ̀ jù, torí gbogbo ẹni tó bá kàwé ni akọ̀wé lẹ́nu àwọn àgbà. Mo gbé "akọ̀bí" yẹ̀wò, mo sì sọ ọ́ nù: yọ àmì rẹ̀, kò yàtọ̀ sí àkọ́bí mọ́. "Ìkọsílẹ̀ ìbí" ṣubú bákan náà, torí ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ni yóò kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. "Akọ̀wé ìbí" tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìforúkọsílẹ̀" ní àbùkù tirẹ̀, nítorí ìbí ni òfin ní kí a kọ, orúkọ kàn jẹ́ ìlà kan lára rẹ̀ ni. Àwọn òbí mìíràn sì ń torí ọ̀rọ̀ náà dúró de ìsọmọlórúkọ. Síbẹ̀ kò sí nílé tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọjáde. Ọjọ́ 52 ṣì kù. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n "ìkànìyàn" tí wọ́n kọ sójú ilẹ̀kùn ibi tí a ti ń kọ ọmọ sílẹ̀ ń kọ mí lóminú. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àjọ náà, a kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kí wọ́n kọ "Ẹ forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ níbí" síbẹ̀.

Nígbà mìíràn, Yorùbá ló ń tètè dé ibi tí fọ́ọ̀mù ń lọ. "Ọmọ kelòó ni èyí?" Ọ̀rọ̀ ṣókí ni, Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Ẹ wá wo ti ìbejì. Fọ́ọ̀mù fẹ́ mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde. Bí akọ̀wé bá bèèrè pé "Èwo ni ẹ̀gbọ́n?", Kẹ́hìndé ni wọn yóò nawọ́ sí, torí òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìwé ìjọba yóò wá gbé wákàtí ìbí ọ̀kan fún èkejì. "Èwo ló ṣíwájú jáde?" ni kó bèèrè.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti kọ́ ayé ní nǹkan kan rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣe káàdì ìdàgbàsókè kan tí ìyá ń tọ́jú fúnra rẹ̀ nílé. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ló wà nínú àpótí àkọ́kọ́, ìlà ìwọ̀n ọmọ sì ń gòkè láti ibẹ̀. Káàdì náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, torí ìyá tí kò ka ìwé kankan lè wo ìlà yẹn kó mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá ń yan ọ̀rọ̀ fún fọ́ọ̀mù, ìyá yẹn ni mo máa ń rí níwájú mi.

Ìyá àgbà ọjọ́ náà dáhùn ìbéèrè kejì tán, kò dákẹ́. Ó ní òru ni, ó ní òjò ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó ní bí ọmọ ṣe ké ni òjò dá. Akọ̀wé kọ orúkọ ọsibítù, ó kọ Òṣogbo, ó kọ ọjọ́. Nígbà tó dé ìlà orúkọ, ìyá ní kó kọ Abéjídé.