Ohùn Ẹyọ Kan Nínú Ariwo Ọpọlọ

Ní ọdún 1983 àwọn oníwádìí kan tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn abúlé kan ní Grand Bassa, ní gúúsù-ìlà-oòrùn ìlú Monrovia, ní orílẹ̀-èdè Liberia. Wọ́n rí i pé àrùn wárápá gbilẹ̀ níbẹ̀ lọ́nà tí ó kọjá ààlà: nínú 1,000 ènìyàn, àwọn tí ó ń mú ju 20 lọ. Ní Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú ìkànìyàn bẹ́ẹ̀, ìròyìn wọn ti ọdún 1987 fi hàn pé nǹkan bí 5 ni nínú 1,000.

Ní ọdún 1983 kan náà, McNaughton, O'Keefe àti Barnes tẹ ìwé mìíràn jáde, lórí bí a ṣe lè fi wáyà méjì tí a so pọ̀ ya ohùn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì. Ó lè jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ra. Ìtàn yóò fi hàn pé wọ́n tan.

Ní 1875, Richard Caton, oníṣègùn ará Liverpool, fi wáyà kan ọpọlọ ehoro àti ti ọ̀bọ, ó sì rí i pé agbára iná mànàmáná kékeré ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Hans Berger, ní ìlú Jena ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba irú àmì bẹ́ẹ̀ láti orí ènìyàn ní 1924, ó sì kéde rẹ̀ ní 1929. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, nítorí pé títí di òní ni a ń fi irú ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ àwọn tí wárápá ń mú wò. Ṣùgbọ́n Berger dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn odi ọjà. Ariwo ọjà dé etí rẹ̀. Ó lè mọ̀ bí ọjà bá kún tàbí bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ìyá aláta kan ṣoṣo ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì agbéròyìn inú ọpọlọ ènìyàn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 86.

Edgar Adrian, ní Cambridge, ni ó wọ inú ọjà náà. Ní 1926, òun àti Yngve Zotterman gba ìró fọ́nrán iṣan-ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Adrian rí i pé ìró náà kì í ga jù bẹ́ẹ̀ ni kì í rẹlẹ̀. Bí ohun tí ó kàn án bá le, ńṣe ni ó ń dún léraléra. Ìró kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ní 1932, òun àti Charles Sherrington jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n wáyà tí a bá tẹ̀ bọ inú ọpọlọ kì í sábà gbọ́ sẹ́ẹ̀lì kan péré. Ẹni tí ó mọ ìlù dùndún lè mọ ohùn ìyáàlù yàtọ̀ sí ti gúdúgúdú bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń dún pọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni Gerstein àti Clark fún kọ̀ǹpútà ní 1964: ó ń wo bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ó sì ń kó àwọn tí ó jọra sí ojú kan. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì. Èyí ni wáyà méjì ti 1983 wá yanjú: sẹ́ẹ̀lì tí ó sún mọ́ wáyà kan yóò dún sókè níbẹ̀ ju ti èkejì lọ, gẹ́gẹ́ bí etí méjèèjì wa ti ń mọ apá ibi tí ohùn ti wá. Nígbà tí ó di 2017, ẹ̀rọ Neuropixels dé, tí fọ́nrán rẹ̀ kan ń gbọ́ láti ojú 384 lẹ́ẹ̀kan náà.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé àṣìṣe ti tán. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá dún, ó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ kí ó tó tún dún. Bí ìró méjì bá sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ẹni méjì ni a kà sí ẹni kan.

Nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni ó ń dún pọ̀ lọ́nà òdì. Fún àwọn tí oògùn kò ràn, àwọn oníṣẹ́-abẹ a máa fi wáyà wá ibi tí ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà kí a gbọ́ sẹ́ẹ̀lì wọn níkọ̀ọ̀kan, tí Quian Quiroga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kéde ní 2005 pé àwọn rí sẹ́ẹ̀lì tí ń dún nígbà tí aláìsàn bá rí onírúurú àwòrán ènìyàn kan náà. Àwọn tí ayé ń sá fún ni wọ́n kọ́ ayé bí a ti ń mọ ojú ẹni.

Nítorí náà ni ìròyìn Grand Bassa fi kàn wá. Ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀rù itọ́ ẹni tí wárápá gbé ń ba àwọn ènìyàn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè wò ó títí iná yóò fi jó o. Itọ́ kì í ran wárápá. Ìdàrúdàpọ̀ iná mànàmáná inú ọpọlọ ni. Wáyà olówó iyebíye kọ́ ni abúlé nílò kí ó tó ṣe ohun tí ó tọ́: láti 1912 ni a ti ń fi oògùn phenobarbital tọ́jú rẹ̀, kò sì wọ́n. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tọ́jú igbó gbọ́dọ̀ mọ igi kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ẹni tí wárápá gbé kúrò lẹ́bàá iná, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.