Káàdì Ìwọ̀n Ọmọ àti Ìtàn Dátà Ìlera ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní Agric, ní Ìkòròdú, a máa mú káàdì kan dání, níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti sàmì sí ìwọ̀n ọmọ náà ní ìbámu pẹ̀lú iye oṣù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ìlera tí ó bá ń kọ́ nípa irú dátà lè rò pé láti òkè òkun ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an ni ó ti gbilẹ̀.

Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ọmọ tí a gbé dé ilé ìwòsàn kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a kò gbé wá. Ẹni tí ó bá ka ti ilé ìwòsàn nìkan, apá kan ìlú ni ó kà. Nítorí náà ni iṣẹ́ fi bọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀, tí a sì ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè wọn títí di ọmọ ọdún márùn-ún.

Iṣẹ́ yìí kò lè rọrùn láàárín àwọn tí ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àbíkú sì ti jẹ́ orúkọ tí ó to ikú púpọ̀ pọ̀ sí abẹ́ ìdí kan ṣoṣo. Ìwé àkọsílẹ̀ tú orúkọ náà ká sí èéyi, ikọ́ líle, òtútù àyà, ibà àti àìjẹunrekánú. Dátà onórúkọ ni ìwọ̀nyí: a lè ka iye ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wá agbedeméjì èéyi àti ikọ́. Bí a bá sọ pé àìsàn kan le díẹ̀, òmíràn le, ẹ̀kẹta le gan-an, a ti to wọn ní ìpele, síbẹ̀ a kò mọ̀ bóyá àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Ìwọ̀n nìkan ni a lè fi kílò sọ, òun náà kò sì dá dúró. Kílò mẹ́jọ dára fún ọmọ oṣù mẹ́fà; ọ̀rọ̀ ìfòyà ni fún ọmọ oṣù méjìdínlógún. Ọjọ́ orí ni ó ṣòro jù níbi tí a kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, tí ó jẹ́ ọdún ìjẹṣu tàbí ìgbà tí ọba gorí ìtẹ́ ni ìyá fi ń rántí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ọjọ́ ìbí ni a ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ìlà orí káàdì fi ní ìtumọ̀: bí ó bá ń gòkè, ara ọmọ ń yá, bí ó bá dúró gbọnrangandan, ewu ti dé kí ojú tó rí i. Morley tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ìlà náà dorí kọ ṣe pàtàkì ju ibi tí àmì kan wà lọ.

Àwọn ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà nílé. Ìtàn kì í sábà dárúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni akọ̀wé dátà yìí, nǹkan tí wọ́n sì ń pa mọ́ kò tako òwe àwọn baba wọn: ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ni ìṣirò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Morley kọ ohun tí ó kọ́ sínú *Paediatric Priorities in the Developing World* ní 1973, káàdì náà sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde ní 2006, ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n wọ̀n: Bràsíl, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Omani àti Amẹ́ríkà. Gánà nìkan ni ó ti Áfíríkà wá.