Ìyà Kọ́, Ìyànjẹ Ni

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé fún olùkọ́ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ni akẹ́kọ̀ọ́ lára, "ìfìyàjẹni" ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ là ń fìyà jẹ. Bí sẹ́níọ̀ bá fi júníọ̀ sórí ìkúnlẹ̀ lọ́gànjọ́ òru, tí a pè é ní ìyà, a ti wọ̀ ọ́ láṣọ adájọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ń sọ pé "ó ń búlì mi", ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ náà lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dan Olweus, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Sweden àti Norway, fi ohun mẹ́ta dá a mọ̀: a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, léraléra ni, agbára wọn kò sì dọ́gba. "Ìyànjẹ" gbé méjì nínú rẹ̀, nítorí a kì í ṣèèṣì yan ẹni jẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ròkè ló sì ń yan ni jẹ. Léraléra ló kù. "Ìyànjẹ àṣetúnṣe" ká a. N kò ní fi "ojúgbà" kún un: bí wọ́n bá jẹ́ ojúgbà lóòótọ́, ìjà lásán ni.

Ibi tó le jù láti túmọ̀ wà nínú ìwé tí Jean Piaget kọ ní 1932 lórí bí ọmọdé ṣe ń mọ ohun tó tọ́. Ó wo àwọn ọmọ Geneva àti Neuchâtel bí wọ́n ṣe ń fi òkúta roboto kéékèèké ṣeré. Lójú àwọn kékeré, ọ̀dọ̀ àgbà ni òfin eré ti wá, kò ṣeé yí. Àwọn tó jù wọ́n lọ mọ̀ pé àdéhùn àwọn ni. Ẹnikẹ́ni lè sáré pe ipò kejì yìí ní "òmìnira". Òbí tó bá gbọ́ ọ, ọmọ aláìgbọràn ni yóò rò. Àbí ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ ilé, tó wá ń bá ẹgbẹ́ fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín kí wọ́n má baà lé òun, òmìnira wo ló ní? Ó kàn pààrọ̀ ọ̀gá ni. "Òfin àtinúwá" ni mo fara mọ́, kí "òfin àtòdewá" wà fún ti àkọ́kọ́, tàgbà tẹgbẹ́.

Christina Salmivalli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland fi hàn ní 1996 pé ìyànjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ẹmẹ̀wà wà níbẹ̀, arẹ́rìn-ín-sí-i wà, òǹwòran wà, olùgbèjà náà wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí gba àlàyé, torí a máa ń rò pé ẹni tó bá jà ni. Ọmọ tó lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n ń yàn jẹ, tàbí tó lọ sọ fún olùkọ́, olùgbèjà ni, kí ìwé tí a ń kọ fún olùkọ́ sì kọ ọ́ gedegbe pé kì í ṣe olófòófó.