Odò ló ń yan ìwọ̀: láti ìgèrè dé adágún Ọ̀yán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi dátà díẹ̀ jì mí, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Ẹ ti rí irú fídíò yẹn. Apẹja Amẹ́ríkà kan jókòó síwájú ọkọ̀, ó na ọ̀pá ìwọ̀ bíi mẹ́jọ sórí omi, ẹ́ńjìnnì ń rọra gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n yọ́ òjé sí orí ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kùn ún ní pupa, ní àwọ̀ ewé, ní yẹ́lò. Jig ni wọ́n ń pè é. Crappie ni ẹja tí wọ́n fi ń wá. Láìpẹ́ ẹnì kan á sọ pé ojú àwọn apẹja tiwa l'Ábẹ́òkúta ò tíì là, pé ìwọ̀ lásán àti àwọ̀n nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ẹ dúró ná.

Ojú ni crappie fi ń ṣọdẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà lórí àwọ̀: omi mọ́, wọ́n á lo àwọ̀ tí kò pariwo, omi dàrú, wọ́n á lo èyí tó ń tàn. Òjé tó wúwo á rì jìn, èyí tó fúyẹ́ ò ní rì tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n omi Amẹ́ríkà ni ilé crappie. Gbé jig yẹn wá sínú Odò Ògùn lóṣù Kẹsàn-án, nígbà tí omi ti rí bíi Milo, kí o wá wò ó bóyá àrọ̀ á mọ̀ pé o kun nǹkan ní pupa.

Òru ni àrọ̀ máa ń jẹ̀ jù. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló wà lẹ́nu rẹ̀, òun ló fi ń tá ilẹ̀ wò nínú ẹrẹ̀, tó fi ń tọ́ oúnjẹ wò kó tó gbé e mì. Nítorí náà, ohun tó bá ń rùn ni wọ́n ń fi sí ìwọ̀ fún un: èkòló, ìfun adìyẹ. Ọṣẹ náà wà níbẹ̀ o! Ọṣẹ ìfọṣọ gan-an, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Àwọn apẹja wa lórí adágún Kainji àti láwọn ibòmíràn ń lò ó. Epíyà ní tiẹ̀, ohun tútù tó ń yọ̀ lára òkúta àti igi lábẹ́ omi ló ń jẹ jù. Kí ló kàn án pẹ̀lú ìwọ̀? Àwọ̀n ló tọ́ sí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, odò yẹn ti wà níbẹ̀, ó ń ti ọ̀nà Ṣakí bọ̀, ó ń lọ sí ọ̀sà Èkó. (Odò Ògùn ni o, kì í ṣe Ògún alágbẹ̀dẹ. Odò yìí ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ lọ́dún 1976. Ẹ yé é pè é bíi pé ogun ń jà.) Yemọja ló ni odò náà lójú àwọn tó ń bọ ọ́, ọ̀pọ̀ sì gbà pé "yèyé ọmọ ẹja" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Odò tó ń kún, tó sì ń fà, ló bí ìgèrè. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ há, ẹja á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí omi bá kún, ẹja á ya wọ inú àbàtà lọ jẹ̀. Bí omi bá ń fà, ẹja ń padà sódò, ìgèrè sì ti ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Apẹja lè sùn, omi ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ìwọ̀ nígbà náà. Ìgbà tí ọkọ̀ igi ń ná Èkó sí Arò, kí rélùwéè tó dé, òwú ń sọ̀kalẹ̀, ọjà òyìnbó ń gòkè. Ilé iṣẹ́ Mustad ní Norway bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1832, ọdún méjì péré lẹ́yìn Ábẹ́òkúta. Ìṣó ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Lọ́dún 1877 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ṣe ìwọ̀, ìwọ̀ wọn sì wá di ohun tí apẹja Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó. Nọ́ńbà rẹ̀ ló máa ń da èèyàn lórí rú: nọ́ńbà 12 kéré sí nọ́ńbà 6, nọ́ńbà 6 kéré sí nọ́ńbà 1. Òyìnbó ṣá!

Àwọ̀n ni ìyípadà rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọ̀n òwú máa ń jẹrà, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sá a, kó máa tún un ṣe. Lọ́dún 1935, Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní DuPont ṣe nylon. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í jẹrà, èyí tó jẹ́ ẹyọ okùn kan ṣoṣo ò sì hàn nínú omi. Dáadáa nìyẹn, àfi bó bá sọnù: àwọ̀n tó sọnù á ṣì máa pa ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Lọ́dún 1983 ni odò fúnra rẹ̀ wá yí padà.

Ààrẹ Ṣéhù Shagari ṣí ìdídò Ọ̀yán lóṣù Kẹta ọdún yẹn, lórí odò tó ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn lókè Ábẹ́òkúta. Adágún náà tó hẹ́kítà 4,000, ó ju pápá bọ́ọ̀lù 5,000 lọ. Omi mímu fún Èkó àti Ábẹ́òkúta wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta síbẹ̀; ó ju ogún ọdún lọ tí wọn ò lò wọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀.

Omi tó ń sáré wá dúró. Kí ni ìgèrè fẹ́ dúró dè? Àwọ̀n tí wọ́n ń dẹ sílẹ̀ mọ́jú ló wá gba ipò, pẹ̀lú okùn gígùn tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ mọ́. Apẹja láti ọ̀nà jíjìn náà wá tẹ̀dó sí etí adágún. Ẹni tó lówó ra ọkọ̀ àti àwọ̀n, ó ń jókòó gbẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀ láàárín omi. Ẹni tí kò lówó mú ìwọ̀ kan àti ọ̀pá oparun, tàbí ó gbé àwọ̀n jíjù, ó wọ inú omi lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Omi tó dúró bá ìgbín omi kéékèèké lára mu, inú irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà. Kòkòrò náà á jáde sínú omi, á gba awọ ara wọlé láìsí pé o mọ̀, ó di kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí bá a lára ọ̀pọ̀ ọmọdé láwọn abúlé etí adágún bí Ìbarò, Abúlé Títun àti Àpójọlà. Apẹja onílé ńlá lórí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ sínú omi etídò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń wá epíyà fún ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni. Ó ń pa aràn tó ti dàgbà lára èèyàn. Kò ní kí ó má tún wọlé bí ọmọ náà bá tún mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́la, tí omi sì dé orúnkún rẹ̀.