Kọfí etí oko bàbá wa, àti igi tó ń ṣíji bò ó

Láti ìgbà tí owó kọfí ti gbéra lọ́jà àgbáyé lọ́dún 2024 lẹ ti ń bi wá pé: ṣé ká gbin kọfí? Èkejì sì ń tẹ̀ lé e: ṣé ká gé gbogbo igi ńlá inú oko kúrò kí oòrùn lè ráyè wọlé? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò, torí kì í ṣe òní ni kọfí dé ilẹ̀ Yorùbá.

Lọ́dún 1887 ni ìjọba Èkó dá oko ìwádìí kan sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi kòkó àti kọfí fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ńlá Agége náà dán kọfí wò. Àmọ́ kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, Brazil ti kó kọfí kún ọjà débi pé owó rẹ̀ já wálẹ̀. Kòkó ló borí. Òun ló gba Ìbàdàn, Iléṣà, Oǹdó, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa, kọfí sì di igi etí oko.

Ní 1944 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní Gánà òde òní. Ní 1964 tiwa dá dúró, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn; kọfí àti obì náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà tiwa níbí. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa o: ìdí ayùnrẹ́! Ayùnrẹ́ gan-an jẹ́ ọ̀kan lára igi tó dára jù fún ìbòòji kọfí. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, oòrùn ń yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bọ́ ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n rí ní Tafo, torí òun ló kàn wá jù. Láti nǹkan bí 1956, wọ́n gé ìbòòji kúrò lórí kòkó apá kan, wọ́n sì fún un ní ajílẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ dùn: èso tí wọ́n ká ju ìlọ́po méjì ti abẹ́ igi lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ká gbé àáké. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó bí ọdún mẹ́wàá, kòkó inú oòrùn yẹn ti ń rẹ̀, èso ń dínkù. Oòrùn ń yá igi lówó ni, ó sì ń gba èlé.

Kọfí náà bẹ́ẹ̀. Igi abẹ́ igbó ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Tí oòrùn bá ń pa á tí kò sí ajílẹ̀, á so ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀ka á wá máa gbẹ láti orí wá. Brazil ń gbìn ín sínú oòrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń da ajílẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bomi rin ín. Ta ni nínú wa ló ń bomi rin oko nígbà ọyẹ́? Àmọ́ ìbòòji tó dúdú jù náà ò dáa: igi á kàn ga ni, òdòdó ò ní pọ̀.

Kí ló wá pa kọfí àwọn bàbá wa? Kì í ṣe àìsàn o, owó ni. Ìrì dídì pa kọfí Brazil ní oṣù keje 1975, owó sì fò sókè. Ní 1986 ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká, èyí tó ń ra kọfí náà. Ní 1989 àdéhùn tó ń dá iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń tà mọ dàrú, owó kọfí sì wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi í sílẹ̀ fún igbó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó má fi rọ́pò kòkó rẹ̀. Robusta ni tiwa. Arabica ń fẹ́ òkè tútù bíi Mambilla ní Tàràbà. Ẹni kan ti ta ọmọ arabica fún àwa náà rí, owó wa wọgbó. Robusta kì í gbọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gba ọmọ láti ara igi kan ṣoṣo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé lásán lẹ máa rí. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó ní kékeré. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ ṣán igbó tuntun: òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 kò gba kọfí tàbí kòkó orí ilẹ̀ igbó tí wọ́n ṣán lẹ́yìn 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń rajà.

Tí igi kọfí bàbá yín bá ṣì wà nínú igbó, ẹ má hú u. Ẹ fi ayùn gé e ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ dagun kí omi má dúró lé e. Tó bá rú, ẹ dá ọ̀mùnú méjì tàbí mẹ́ta sí, kí ẹ já ìyókù. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, á tún so.