Àkọ́sórí àti Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: Ìtàn Ọ̀nà Kan Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Ń Gbà Múra Ìdánwò

Ẹ̀sùn kan kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń yẹ ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wò ní ilẹ̀ Yorùbá: pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ àròkọ, èyí tí ó ti há sórí láti ilé ni ó ń dà sínú ìwé. Àwọn kan a ní ìwà ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn a ní àṣà ìbílẹ̀ ni, nítorí pé orí ni Yorùbá fi ń pa ìmọ̀ mọ́ kí ìwé tó dé. Ìtàn kò gbe èyíkéyìí nínú àlàyé méjèèjì.

1. Àkọ́sórí kí ilé-ìwé tó dé

Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ ńlá ni àkọ́sórí jẹ́ láàárín Yorùbá, ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀. Ọmọ awo a máa lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó mọ Odù àgbà 16 àti ọmọ Odù 240, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún kíkà lásán ni ó ṣe kọ́ wọn. Bí Odù kan bá jáde, awo a ki ẹsẹ tí ó mọ̀ nínú rẹ̀; ẹni tí ó wá dá Ifá a sì mọ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, awo a wá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ilé kéwú ẹ̀wẹ̀, ọmọ a máa ka Kùránì lójú wàláà láìtíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpele kejì wà, èyíinì ni ilé ìmọ̀, níbi tí wọn yóò ti túmọ̀ ohun tí ó ti kà. Nínú ọ̀nà méjèèjì, àkọ́sórí ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ àti ìlò ni òpin iṣẹ́.

2. Owó ìrànwọ́ àti ẹnu ọmọ

Àkọ́sórí tí kò dé ibi ìtumọ̀ bá ìdánwò wọlé ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1862, Robert Lowe mú ìlànà kan wá tí ó so owó ìrànwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ iye ọmọ tí ó bá yege nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò níwájú alábẹ̀wò ìjọba. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, kìlọ̀ pé ọmọ lè yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láì mọ̀wé ní tòótọ́, nítorí pé olùkọ́ yóò wá ọgbọ́n ta sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wọ̀nyí, èdè ìyá wọn ni wọ́n sì ń kà.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1882, òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mú ìlànà kan náà dé Èkó. Ọ̀tẹ̀ yìí, èdè àjèjì ni ọmọ yóò fi yege. Olùkọ́ tí ó mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ òun wà lẹ́nu ọmọ kò ní ṣàì kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò wí.

3. Máàkì 50

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Cambridge ni ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìdáhùn ń padà sí. Ní 1952 ni Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAEC, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó sì di oṣù kìíní 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àìlóǹkà ọmọ tí a kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn ni ó tipa bẹ́ẹ̀ dojú kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìdánwò WAEC, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ àròkọ kan tí ó tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450. Máàkì 50 ni wọ́n ti ń pín in báyìí: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Èyí fi hàn pé 30 nínú 50 wà lórí èdè fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àfi ní kíláàsì ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí kò bá lè dá gbólóhùn tí ó gún ṣe ní wákàtí ìdánwò, yóò gbé èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe èyí. Àwọn kan a há ìlànà lẹ́tà sórí: àdírẹ́sì méjì, déètì, àkọlé, ọ̀rọ̀ ìparí àti orúkọ. Èyí kò lẹ́bi, nítorí pé bí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ níbi gbogbo nìyẹn. Àwọn mìíràn a kó àkànlò èdè àti ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ jọ, wọn a wá àyè tì wọ́n sí, wọn a sì máa ṣi wọ́n lò nígbà mìíràn. Àwọn ìyókù a wo ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá, wọn a méfò èyí tí yóò jáde, wọn a sì há odindi àròkọ sórí. Ẹni tí ó há ìtàn ọjọ́ ọjà sórí, tí wọ́n wá bi í léèrè nípa jàǹbá ọkọ̀, ọjà náà ni yóò kọ. Èdè rẹ̀ lè gún, ṣùgbọ́n kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

4. Ohun tí wọ́n rí ní Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí apá kan ààlà. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ ní 1889, tí Ìmẹ́kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, ni ọmọ ìyá kan náà ti ń há èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí. Ní ilé-ìwé Faransé, wọ́n a máa gbé àmì ẹ̀tẹ́ kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀ lọ́rùn. Lónìí, fún ọmọ Kétu tí ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti bákà, èdè kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́.

Ní oṣù kìíní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ẹgbẹ́ kejì lo Yorùbá fún ọdún 3, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1989, ni pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ṣe dáradára ju èkejì lọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò parí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́; ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní ó ń fa ìfìdírẹmi nínú ìdánwò, WAEC pẹ̀lú. Ìpinnu yìí kan Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ náà, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tí kò ní èdè ilé-ẹ̀kọ́ nílé ni wọ́n ń há àròkọ sórí, ìwádìí Ifẹ̀ sì ti fi hàn pé kíkọ́ ọmọ ní èdè tí ó gbọ́ kò gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ awo kọ́kọ́ ní èdè kí ó tó kó ẹsẹ sórí. Ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé náà ní ohun tí yóò wí kí wọ́n tó ní kí ó fi èdè ẹlòmíràn wí i.