Òógùn Tàbí Oògùn?

Ohùn orí fáwẹ̀lì ni ó ya òógùn sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn. Òógùn ni omi tí ń jáde lára ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Oògùn ni ohun tí a jẹ, tí a mu, tí a fi pa ara tàbí tí a sín ní gbẹ́rẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láìfi àmì sí wọn, àfi kí a wo gbólóhùn tí ó yí wọn ká kí a tó mọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ wàhálà yìí dáadáa. Ìtàn tí mo fẹ́ pa fún ẹ̀yin òǹkàwé jẹ́ ti àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa àmì náà rẹ́: àwọn alágbára tí wọ́n lo oògùn, tí wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òógùn ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè òkun ni oògùn agbára ti kọ́kọ́ dé bá wa. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn bàbá wa ti ń ja gídígbò, ẹni tí ó bá sì mọ ìjàkadì mọ̀ pé apá nìkan kọ́ ni a fi ń jà á. Ìfúnpá wà, ońdè wà, gbẹ́rẹ́ wà, ọfọ̀ náà sì wà. Bóyá wọ́n ń jẹ́ ni o, bóyá wọn kì í jẹ́ ni o, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ fún àwọn onísègùn àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n bá ara wọn jiyàn. Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé ìfúnpá kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Apá ni ó wà, níbi tí gbogbo òǹwòran ti lè rí i. Bí ọ̀kan bá dá èkejì, wọn a ní apá rẹ̀ le, wọn a sì tún ní oògùn rẹ̀ jẹ́. Ońdè lè wà lábẹ́ aṣọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọdékùnrin tí yóò ti ibi ìjàkadì délé tí yóò máa rò pé iyán nìkan ni ọkùnrin náà jẹ tí ó fi dà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1935 ni àwọn onímọ̀ méjì, Adolf Butenandt ará Jámánì àti Leopold Ruzicka tí ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland, rí ọ̀nà láti fi ọwọ́ ṣe testosterone. Èyí ni èròjà inú ara tí ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin: òun ni ó ń mú kí ohùn ki, kí irùngbọ̀n hù, kí ẹran apá sì le. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1939 ni a fi dá wọn lọ́lá. Oògùn ìwòsàn ni fún àwọn tí ara wọn kò pèsè rẹ̀ tó, ó sì wúlò fún irú wọn títí di òní. Láti ara rẹ̀ ni a ti ṣe oríṣìíríṣìí oògùn mìíràn tí ń gbé ẹran ara ró, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní stẹ́rọ́ìdì.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a lọ sí York, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Bob Hoffman ni orúkọ ọkùnrin tí ó ní ilé iṣẹ́ tí ń rọ irin ìdárayá níbẹ̀. Òun kan náà ni ó ń tẹ ìwé ìròyìn tí àwọn agbérin ń kà. Dókítà kan, John Ziegler, bá ẹgbẹ́ agbérin Amẹ́ríkà lọ sí Vienna ní 1954, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà ń lo testosterone. Nígbà tí ó di 1958, ilé iṣẹ́ Ciba gbé oògùn oníhóró kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dianabol. Kò pẹ́ tí Ziegler fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn agbérin díẹ̀ ní hóró yìí. Bill March àti Louis Riecke wà nínú wọn.

Ní àkókò kan náà ni dókítà yìí ń kọ́ wọn ní ìdárayá tuntun kan. Ènìyàn yóò dúró sábẹ́ irin tí a há mọ́ òpó, yóò máa fi gbogbo agbára tì í fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, irin náà kò sì ní mì. Agbára àwọn ọkùnrin méjì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ga lójoojúmọ́. Riecke tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 35 gbé irin tí ẹnikẹ́ni nínú ìwọ̀n tirẹ̀ kò gbé rí ní gbogbo ayé ní 1964. Kí ni ìwé ìròyìn Hoffman wí? Ó ní ìdárayá tuntun náà ni. Ẹnu kò kan hóró. Hoffman rọ òpó àti irin, ó tà á pẹ̀lú ìwé ìlànà rẹ̀, àwọn ènìyàn rà á, wọ́n gbé e sínú ilé, wọ́n dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tì, wọ́n ń tì. Agbára díẹ̀ wọlé sí wọn lára lóòótọ́, nítorí ìdárayá náà kì í ṣe asán pátápátá. Ṣùgbọ́n irú ti March kò wá. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dá lẹ́bi? Ara rẹ̀ ni. Yóò rò pé ọ̀lẹ ni òun, tàbí pé oúnjẹ òun ni kò dára. Owó rẹ̀ tí ó bá ọjà lọ kò dùn mí tó èyí.

A ti fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1996, dókítà Shalender Bhasin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọkùnrin 43 jọ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ti gbé irin rí, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ testosterone mìlígíráàmù 600 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan nínú. Nínú oríṣi méjèèjì, àwọn kan gbé irin, àwọn kan kò gbé e. Ẹran ara àwọn tí wọ́n gbé irin láìsí oògùn fi bíi kílò 2 lé sí i. Àwọn tí wọ́n gba oògùn ṣùgbọ́n tí wọn kò fọwọ́ kan irin, tiwọn lé ní kílò 3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ẹni tí ó jókòó jèrè ju ẹni tí ó làágùn lọ! Àwọn tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sì jèrè bíi kílò 6. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí ọ̀dọ́kùnrin tí kò lo nǹkan kan máa retí nìyí, kílò méjì ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀, kò sì ní máa rí bẹ́ẹ̀ títí lọ; bí ọdún ti ń gorí ọdún, èrè náà á máa kéré sí i.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ní Sydney, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin sá eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, mítà 400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68 ni wọ́n fi sá a. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣáájú wọn, wọ́n gba wúrà, tiwa gba fàdákà, a jó, a yọ̀, a gbà pé àwọn yẹn ló yára jù. Ní 2008, ní ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ kóòṣì rẹ̀ àtijọ́, Antonio Pettigrew tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n gba wúrà náà jẹ́wọ́ pé òun ti ń lo oògùn láti 1997. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, kì í ṣe ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò ní Sydney ni ó tú àṣírí. Wọ́n gba wúrà náà padà lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n oṣù keje ọdún 2012 ni ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì tó kéde pé ti Nàìjíríà ni. Sunday Bada ti kú ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Fàdákà ni ó mọ̀ títí ó fi lọ.

Bí a bá sì dákẹ́ síbẹ̀, àwa náà yóò di Hoffman. Ní Delhi ní 2010, a gba wúrà mítà 100 lọ́wọ́ Osayomi Oludamola nítorí methylhexaneamine. Ní Glasgow ní 2014, a gba ti ìgbé irin lọ́wọ́ Chika Amalaha, ọmọ ọdún 16 péré. (Ọmọ ọdún 16! Ta ni ó fún un ní ohun tí ó lò? N kò tí ì rí ẹni tí ó bèèrè ìyẹn tó bí ó ti yẹ.) Blessing Okagbare ni ó mú mi ronú jù. Ní Beijing ní 2008 ó fò jìnnà, ó gba idẹ. Ní 2017 idẹ náà di fàdákà, nítorí pé wọ́n rí stẹ́rọ́ìdì nínú ohun tí Tatyana Lebedeva ará Rọ́ṣíà fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ní Beijing. Ẹni tí a ti rẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú eré ní Tokyo ní 2021 nítorí oògùn ìdàgbàsókè ara, wọ́n sì fòfin dè é fún ọdún 11 lápapọ̀ ní 2022. Ọdún yẹn kan náà, ní Birmingham, àwọn obìnrin wa mẹ́rin, tí Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú wọn, gba wúrà. Oògùn tí a rí lára Grace Nwokocha sọ ọ́ di ti England. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wọn pàdánù ohun tí wọ́n sáré fún.

Àwọn eléré wọ̀nyí ní ẹni tí ń yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tí ń fi ara wọn hàn lórí fóònù fún àwọn ọ̀dọ́ kò ní. Ọ̀gbẹ́ni Brian Johnson ará Amẹ́ríkà pe ara rẹ̀ ní Liver King, èyí ni Ọba Ẹ̀dọ̀. Ó ń bọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ káàkiri, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ tútù, ó ní bí àwọn baba ńlá ti ń jẹun ni ó sọ òun dà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ta oògùn oúnjẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí ìwé tí ó kọ tú síta, ó jẹ́wọ́ pé stẹ́rọ́ìdì wà níbẹ̀. Ọdún 60 lẹ́yìn York, ọgbọ́n náà kò yí padà.

Ní Olódò, lójú ọ̀nà tí ó gba Ìwó lọ, mo mọ ilé ìdárayá kan tí kò ju páànù àti òpó lọ. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà sínú agolo ọ̀dà, wọ́n ti irin bọ̀ ọ́ láàárín. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù fún wọn ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń ti òde gba testosterone, ara rẹ̀ a dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀, kórópọ̀n á súnkì, ọmọ lè má wá, ọkàn a sì máa wú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ra hóró dexamethasone nítorí wọ́n gbọ́ pé stẹ́rọ́ìdì ni. Stẹ́rọ́ìdì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ni: ojú ni yóò kún, ẹran apá ni yóò jẹ. Orúkọ kan, iṣẹ́ méjì tí ó tako ara wọn.

Àwòrán ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà lára páànù ibẹ̀, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kan bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọkùnrin yìí ń jẹ?”

Ọ̀gá náà ní, “Ẹyin àti ẹ̀wà.” Ó sinmi díẹ̀, ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Àti ohun tí èmi kò ní fún ọ.”